Ta ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ ró lábẹ́ òkun tí kì í fi í kú sọ́nà?

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kẹta ọdún 2024, mo dúró níwájú káńtà ṣọ́ọ̀bù oògùn kan, mo ti gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi sọ́wọ́, mo ti ṣe tiransifá, owó ti kúrò nínú àkáǹtì mi, obìnrin tó ń tajà sì ń wojú fóònù ẹ̀, ó ní "Bọ̀dá, kò tíì wọlé o." A dúró. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi náà ṣe tiẹ̀, ìyẹn ò tiẹ̀ lọ rárá, nǹkan róbótó yẹn ló kàn ń yí lójú fóònù. Nígbà tó máa fi dìrọ̀lẹ́ la gbọ́ pé kébù abẹ́ òkun ló já nítòsí Abidjan ní Ivory Coast, kì í sì í ṣe ẹyọ kan o, mẹ́rin: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne.

Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp ẹbí wa. Àǹtí mi àgbà ní "Ṣé wáyà ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wá ni? Èmi ṣebí ojú ọ̀run ló ti ń wá." Ẹnìkan ní ẹja ló jẹ ẹ́. Ẹlòmíì ní ìjọba ló pa á. Ṣùgbọ́n àbúrò mi tó ń ṣe wáyà iná ilé ló béèrè èyí tó dùn mọ́ mi jù, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, tọ́ọ̀ṣì mi tó lágbára jù kì í tàn dé ìparí àdúgbò wa. Ẹ wá ní ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé gbogbo nǹkan yìí nínú gíláàsì láti Pọ́túgàlì wá sí Èkó. Báwo ni kò ṣe kú sọ́nà? Tó bá sì jẹ́ pé nǹkan kan ń gbé e ró lábẹ́ omi, ta ló ń gbé jẹnẹrétọ̀ lọ síbẹ̀?"

Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìkánjú ni mo fi ṣe é. Ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ ṣe é níbí, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní ìbéèrè yẹn lọ́kàn, àwọn tó sì ń ṣàlàyé ẹ̀ lórí rédíò á kàn sọ pé "fáíbà abẹ́ òkun ti já", wọ́n á kọjá sórí bọ́ọ̀lù.

Ká kọ́kọ́ mọ orúkọ ohun tá à ń sọ

Lédè wa, "iná" là ń pe gbogbo ẹ̀. Ẹ tan iná, wọ́n ti mú iná lọ, iná tọ́ọ̀ṣì. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn máa kó wa sí wàhálà, torí oríṣi méjì ló wà nínú kébù kan náà, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀. Torí náà, tí mo bá ní "iná", irú ti NEPA ni mò ń sọ, èyí tó lè gbé èèyàn. Tí mo bá ní "ìmọ́lẹ̀", èyí tó ń tàn tó sì ń gba inú gíláàsì kọjá ni.

Kébù abẹ́ òkun ni wáyà gígùn tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Níbi tí omi ti jìn gan-an, kò nípọn ju rọ́bà tí àwọn tó ń fọ mọ́tò fi ń fọnmi lọ, ìtòsí etíkun ni wọ́n ti máa ń fi irin wé e kó nípọn, torí ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n apẹja. Fáíbà ni òwú gíláàsì tó wà láàárín ẹ̀, ó tín-ín-rín bí irun orí. Méjì méjì ni wọ́n máa ń so wọ́n pọ̀, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀. Bàbà wà láyìíká wọn tó ń gbé iná. Lésà ni tọ́ọ̀ṣì pàtàkì tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú fáíbà, ó ń yí ìmọ́lẹ̀ yẹn padà lọ́pọ̀ bílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ìyípadà yẹn gan-an ni fídíò yín, tiransifá yín, àti ohùn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.

Ripítà wá ni agolo irin gígùn kan tí wọ́n so mọ́ kébù, ẹ máa bá ọ̀kan ní bíi gbogbo kìlómítà 60 sí 80. Inú ẹ̀ ni ampilifáyà wà. Ẹ mọ ampilifáyà, òun ló wà nídìí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì àti ti òde ìnáwó, ó ń gba ohùn kékeré, ó ń sọ ọ́ di ńlá. Èyí tá à ń sọ níbí, ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ di ńlá, kò sì sọ ọ́ di nǹkan míì kó tó ṣe é. Gbogbo àlàyé yìí, ibẹ̀ ló ń lọ.

Sátẹ́láìtì ńkọ́?

Sátẹ́láìtì wà lóòótọ́, àwọn Starlink sì ti wọ Nàìjíríà láti 2023. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tó ń ti ilẹ̀ kan kọjá òkun lọ sí ilẹ̀ kejì, ó lé ní 95 nínú 100 tó ń gba kébù. Láti fóònù yín dé òpó máàsì ló ń gba afẹ́fẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé ojú ọ̀run ló ti ń wá. Lẹ́yìn máàsì, ó di inú ilẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀, ó di inú òkun. Kì í sì í ṣe tuntun: láti 1886 ni kébù tẹligíráàfù ti so Èkó mọ́ London. Àǹtí mi ò gbà títí dòní, mo ti fi í sílẹ̀.

Báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rẹ̀ lọ́nà?

Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé gíláàsì fèrèsé. Tẹ́ ẹ bá wo gíláàsì náà ní gbalasa, ó mọ́ roro, ẹ rí òdìkejì. Ẹ wá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ wo etí ẹ̀, ẹ máa rí i pé àwọ̀ ewé ni, ó ṣú bí omi ẹ̀fọ́. Ìdọ̀tí irin táṣẹ́rẹ́ tó wà nínú gíláàsì náà ló fà á, torí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ìbú ẹ̀ kọjá ń rìn jìnnà ju èyí tó ń gba ojú ẹ̀ lọ, ìdọ̀tí yẹn sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ni ìwọ̀n àpá méjì péré o. Kìlómítà ẹgbẹ̀rún méje ni ìrìnàjò tiwa.

Lọ́dún 1966, Charles Kao tó ń ṣiṣẹ́ ní England nígbà náà sọ pé kì í ṣe gíláàsì ló burú, ìdọ̀tí inú ẹ̀ ni, pé tí wọ́n bá lè fọ̀ ọ́ mọ́, ìmọ́lẹ̀ á rìn jìnnà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 2009. Nígbà tó di 1970, àwọn Corning ní Amẹ́ríkà ṣe fáíbà kan, tí wọ́n bá fi ìmọ́lẹ̀ 100 ránṣẹ́ nínú ẹ̀, lẹ́yìn kìlómítà kan nǹkan bíi 2 ló kù, àwọn èèyàn sì yọ̀, ayọ̀ ńlá gan-an, torí pé gíláàsì tó wà tẹ́lẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Lónìí, nínú 100, bíi 95 ló ń kù lẹ́yìn kìlómítà kan.

Ẹ ní ìyẹn ti dáa tó. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Lẹ́yìn kìlómítà 15, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn 50, ìdá kan nínú 10 ló kù. Lẹ́yìn 100, ìdá kan nínú 100. Lẹ́yìn 200, ìdá kan nínú 10,000. Lẹ́yìn 300, ìyẹn bíi ká gba títì láti Èkó lọ sí Ìlọrin, ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan. Ó dà bí ẹni tó gbé owó ọjà rìn tí gbogbo ibùdókọ̀ tó bá dé ń gba ìdajì ohun tó kù lọ́wọ́ ẹ̀, kò pẹ́ tí kọ́bọ̀ fi máa di nǹkan àmúyangàn. MainOne tó wá láti Pọ́túgàlì gùn tó kìlómítà 7,000. Kò sí lésà kankan láyé yìí tó lè tan ìmọ́lẹ̀ tí ìdá ẹ̀ kankan máa kù dé ibẹ̀.

Àbúrò mi ní kí ló dé tí wọn ò kàn fi lésà tó lágbára gan-an sí i. Ìṣirò yẹn ò ní gbà á, ọ̀kan nìyẹn. Ìkejì ni pé tí wọ́n bá rọ ìmọ́lẹ̀ sínú fáíbà jù, gíláàsì fúnra ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ rú, bí sípíkà ṣe ń ya ohùn nígbà tí wọ́n bá yí fólúùmù ẹ̀ dé òpin. Ìwọ̀nba ni ìmọ́lẹ̀ tí fáíbà lè gbé kó má ba nǹkan jẹ́. Torí náà kò sí ọ̀nà àbáyọ míì ju pé kí nǹkan kan máa gbé e ró lójú ọ̀nà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀?

Bí akéde ni. Akéde kan ké láti ààfin dé ìkòríta, akéde kejì dúró níbẹ̀, ó gbọ́, ó lóye ohun tó gbọ́, ó wá fi ẹnu ara ẹ̀ ké e lákọ̀tun dé ìkòríta tó tẹ̀ lé e.

Kébù tẹlifóònù àkọ́kọ́ tó gba òkun Atlantic kọjá, TAT-1, láti Scotland lọ sí Kánádà ní 1956, kò tiẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ nínú, bàbà ni, gílóòbù bíi ti rédíò àtijọ́ ló wà nínú àwọn ripítà ẹ̀, ìpè 36 péré ló lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó di 1988, TAT-8 dé, òun ni àkọ́kọ́ tó lo fáíbà lórí omi yẹn, ó lè gbé bíi 40,000 ìpè. Ṣùgbọ́n ripítà ẹ̀ ṣì ń ṣe bí akéde. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé, ripítà á sọ ọ́ di iná, á kà á, "èyí òdo ni, èyí ení ni", á tún un ṣe, lésà tuntun á wá tan án jáde padà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó bá jáde mọ́ tónítóní.

Ìṣòro ẹ̀ ni pé akéde tó gbọ́ Yorùbá nìkan ni. Wọ́n kọ́ ripítà náà láti gbọ́ ìwọ̀n eré kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí kébù sáré sí i lọ́dún márùn-ún òní, ẹ máa lọ wú gbogbo ripítà kúrò nísàlẹ̀ òkun, ẹ sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ṣe irú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ fi àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ méjì rìn nínú fáíbà kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀rọ̀ tiẹ̀, akéde méjì lẹ máa kó sí gbogbo ìkòríta. Ogójì àwọ̀, ogójì akéde. Owó ò ní tó o.

Kí ni ampilifáyà ìmọ́lẹ̀ wá ń ṣe gan-an?

Ẹ gbàgbé akéde. Ẹ ronú lílé àti ègbè.

Olórin kan lé orin. Àwọn elégbè jókòó, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti yó, ara wọn ti gbóná, ohùn kàn ń wá ibi tó máa gbà jáde ni. Bí orin ṣe kan ẹni àkọ́kọ́ létí, ó gbè é, orin kan náà, ohùn kan náà, àsìkò kan náà, kò yí nǹkan kan padà. Ohùn méjì ti wà báyìí. Méjì yẹn kan àwọn míì létí, ó di mẹ́rin, ó di mẹ́jọ. Nígbà tí orin fi máa dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ilé ti ń mì.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ripítà nìyẹn. Wọ́n mú fáíbà kan, bíi mítà mélòó kan, wọ́n ká a bí okùn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣe gíláàsì tiẹ̀ wọ́n po èròjà kan mọ́ ọn tó ń jẹ́ erbium. Átọ́ọ̀mù erbium ni àwọn elégbè. Lésà kékeré kan wà nínú ripítà náà tó kàn ń tan ìmọ́lẹ̀ lásán sínú fáíbà yìí tọ̀sán tòru, ìmọ́lẹ̀ tí kò gbé ọ̀rọ̀ kankan. Oúnjẹ àwọn elégbè nìyẹn. Átọ́ọ̀mù gbé ìmọ́lẹ̀ oúnjẹ mì, ó kún fún agbára, ó ń retí. Ìmọ́lẹ̀ tó ti rẹ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá wọlé, hóró ìmọ́lẹ̀ kan kọjá lára átọ́ọ̀mù tó yó yìí, ni átọ́ọ̀mù bá tu agbára ẹ̀ sílẹ̀ ní hóró kejì, hóró méjèèjì sì jọra bí ìbejì tí ìyá wọn fúnra ẹ̀ ò lè dá mọ̀: àwọ̀ kan, ọ̀nà kan, ìgbésẹ̀ kan. Einstein ló kọ́kọ́ sọ ní 1917 pé irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Kó tó jáde nínú ripítà, ìmọ́lẹ̀ náà ti di ìlọ́po 10 sí 40, ìyẹn ni pé ohun tó pàdánù lọ́nà ti padà sí i lára.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ di mú nínú gbogbo ẹ̀ ni pé elégbè ò nílò kó mọ ìtumọ̀ orin. Ripítà yìí ò ka nǹkan kan. Kò mọ̀ bóyá fídíò ni tàbí tiransifá, kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ń sáré tàbí ó ń rìn, kò mọ iye àwọ̀ tó ń kọjá. Àwọ̀ ọgọ́rin lè wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹgbẹ́ elégbè kan náà á gbè fún gbogbo wọn. Torí ẹ̀ ni kébù tí wọ́n tẹ́ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ṣe lè máa gbé ju ohun tí wọ́n ní kó gbé lọ: ẹ̀rọ orí ilẹ̀ ní òpin méjèèjì ni wọ́n ń pààrọ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ohun tó wà lábẹ́ omi. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún SAT-3 tó dé Èkó ní bíi 2002 láyé NITEL, ó sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ tún fi nọ́ńbà wò ó. TAT-8 ti 1988, òwú méjì ẹ̀ ń gbé bíìtì (ìyẹn òdo tàbí ení kọ̀ọ̀kan) mílíọ̀nù 280 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Equiano tí Google tẹ́, tó gúnlẹ̀ sí Lọmé àti Èkó ní 2022, ní òwú méjì méjì 12, tó lè gbé bíìtì tírílíọ̀nù 144 lápapọ̀. Ẹ pín in, òwú méjì kan ṣoṣo ti ju ti TAT-8 lọ ní ìlọ́po tó lé ní 40,000. Ká ní akéde la ṣì ń lò, kò ní rí bẹ́ẹ̀ láéláé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ erbium?

Èyí gan-an ló ń yà mí lẹ́nu jù. Abúlé kan wà ní Sweden tó ń jẹ́ Ytterby, wọ́n ń wa òkúta níbẹ̀, inú òkúta ibẹ̀ ni wọ́n ti rí oríṣiríṣi èròjà tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, débi pé èròjà mẹ́rin ló ń jẹ́ orúkọ abúlé kékeré yẹn: yttrium, terbium, ytterbium, àti erbium tiwa yìí, tí wọ́n rí ní 1843. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Ìmọ́lẹ̀ ní àwọ̀, ojú wa sì ń rí díẹ̀ nínú ẹ̀. Àwọ̀ tí gíláàsì fáíbà ń jẹ́ kó kọjá dáadáa jù, ojú ò lè rí i, ó kọjá pupa lọ, àwọn onímọ̀ ń fi nánómítà (ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà kan) wọ̀n ọ́n, wọ́n ní 1550 ló wà. Átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tiẹ̀ tó lè gbè, kò lè gbè èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ṣáà fẹ́. Ẹ wá wò ó, èyí tí erbium lè gbè, láti 1530 dé 1565 ni. Ibi kan náà gẹ́lẹ́! Kò sẹ́ni tó ṣètò ẹ̀, bó ṣe rí nìyẹn. Ká ní ibòmíì ni ohùn erbium bọ́ sí, mi ò mọ ohun tá ò bá máa fi wo fídíò báyìí.

Ní 1987, David Payne àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Southampton ní England fi hàn pé ó ṣiṣẹ́, Emmanuel Desurvire àti àwọn tiẹ̀ náà ṣe é ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn kan náà. Kó tó di ọdún mẹ́wàá, ó ti wà lábẹ́ òkun Atlantic nínú TAT-12/13.

Kò kúkú pé tán o. Elégbè ò fẹ́ràn gbogbo ohùn bákan náà, àwọ̀ kan máa ń gba ègbè ju òmíràn lọ díẹ̀. Ẹ lè ní díẹ̀ kí ni, ṣùgbọ́n tí àwọ̀ kan bá fi 5 nínú 100 ju ìkejì ẹ̀ lọ ní ripítà kọ̀ọ̀kan, tó bá fi máa kọjá ripítà 100 ó ti jù ú lọ ní ìlọ́po tó lé ní 130, ìkejì á kàn sọnù sábẹ́ ẹ̀ ni. Nítorí náà wọ́n máa ń fi nǹkan bí asẹ́ kan sínú ripítà tó ń dín àwọ̀ alágídí kù, kí gbogbo wọn lè jáde dọ́gba.

Ṣé kò ní ìpalára kankan?

Ó ní, orúkọ ẹ̀ sì ni ariwo. Nínú àwọn elégbè tó ti yó, àwọn kan ò ní ní sùúrù. Kí orin tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti pariwo tiwọn, ohùn tí kò bá orin mu. Tó bá mọ síbẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n ripítà tó tẹ̀ lé e ò mọ orin yàtọ̀ sí ariwo, méjèèjì ló máa gbé sókè, á sì fi ariwo tiẹ̀ kún un. Bẹ́ẹ̀ ni títí dé etíkun. Bí ìgbà tẹ́ ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ẹ̀rí, tẹ́ ẹ tún ṣe fọ́tòkọ́pì fọ́tòkọ́pì náà, tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá àmì dúdú dúdú ti kún ojú ìwé. Akéde àtijọ́ ò ní ìṣòro yìí, torí ó ń kọ ọ́ lákọ̀tun. A gba eré, a gba ọ̀pọ̀ àwọ̀, ohun tá a fi san án nìyẹn.

Nítorí ariwo yìí, bí kébù bá ṣe gùn sí i ni wọ́n ṣe ń sún ripítà mọ́ra sí i. Àbúrò mi ò gbà, ó ní ṣé ripítà tó pọ̀ ò ní mú ariwo pọ̀ ni? Rárá. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kú jù kó tó dé ọ̀dọ̀ elégbè, ariwo wọn á bò ó mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbè é. Ó sàn kẹ́ ẹ gbé e ró nígbà tó ṣì lókun díẹ̀. Ní òpin, ẹ̀rọ tó wà létíkun á fi ìṣirò ya orin kúrò lára ariwo tó ṣẹ́kù, ìyẹn fúnra ẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì.

Jẹnẹrétọ̀ dà?

Kò sí jẹnẹrétọ̀ kankan nísàlẹ̀ òkun. Ẹ rántí bàbà tí mo ní ó wé àwọn fáíbà yẹn ká. Létíkun níbi tí kébù ti ń gun ilẹ̀, bíi Lekki, ilé kan wà níbẹ̀, ẹ̀rọ inú ẹ̀ ló ń ti iná sínú bàbà yẹn. Ibẹ̀ ni bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ tí àbúrò mi ń wá wà, lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Torí pé oníṣẹ́ iná ni, ibí ló ti dìde jókòó dáadáa. Iná tó ń lọ nínú ẹ̀ ò ju bí áńpù kan lọ, áyọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ fi ń lọ aṣọ ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ, á fa 4 tàbí 5. Ṣùgbọ́n fóòtì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, ó lè ju 10,000 lọ, nígbà tó jẹ́ pé ti ilé wa ò ju 240 lọ. Ìdí ni pé lọ́kọ̀ọ̀kan ni iná ń gba inú ripítà kọjá, bíi gílóòbù wínníwínní tí wọ́n so tẹ̀ lé ara wọn lójú okùn Kérésì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń já díẹ̀ jẹ nínú fóòtì, bàbà gígùn yẹn náà ń jẹ tiẹ̀. Etíkun kan á ti iná láti apá tiẹ̀ ní pósítíìfù, etíkun kejì á ti tiẹ̀ ní nẹ́gátíìfù. Wáyà àbọ̀ ńkọ́? Kò sí! Òkun fúnra ẹ̀ ni wáyà àbọ̀. Wọ́n á ri irin sílẹ̀ létíkun bí ìgbà tá à ń ri áàsì, omi iyọ̀ á parí ìyókù. Àbúrò mi pariwo.

Iná díẹ̀ yẹn ló ń tan lésà oúnjẹ inú ripítà kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í sì í fi lésà kan ṣoṣo síbẹ̀, torí tó bá kú, ta ló máa lọ pààrọ̀ ẹ̀ ní ibi tí omi ti jìn tó kìlómítà 4, tí omi ń tẹ nǹkan bí ìlọ́po 400 bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ wá níbí? Wọ́n máa ń ní àfikún, tí ọ̀kan bá lọ, èyí tó kù á gbé e. Ọdún 25 ni wọ́n ń retí kí kébù lò kí ẹnikẹ́ni má yọjú sí i.

Tí kébù bá wá já ńkọ́?

Ampilifáyà ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ń sọ di ńlá, òdo lọ́nà 40, òdo náà ni. Ní 2024, ripítà ò jẹ̀bi, kébù fúnra ẹ̀ ló já, àwọn MainOne sọ nígbà yẹn pé ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì. Ìdí tí Abidjan fi kan Èkó ni pé ọ̀nà Pọ́túgàlì gba ibẹ̀ kọjá. Equiano ò já, ìdí nìyẹn tí àwọn kan lára wa fi ń rí fídíò wò lọ́jọ́ yẹn tí àwọn míì dẹ̀ ń wo nǹkan róbótó.

Kí wọ́n tó rán ọkọ̀ ojú omi lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti já. Wọ́n á ta ìmọ́lẹ̀ sínú fáíbà láti etíkun, wọ́n á dúró de ìró ẹ̀ tó bá padà, bí ẹni tó ju òkúta sí kànga. Àmọ́ ampilifáyà ní ilẹ̀kùn kan tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ lè jáde, kò lè padà wọlé, wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ariwo má baà yí padà. Torí náà wọ́n dá ọ̀nà ẹ̀bùrú kékeré sí ripítà kọ̀ọ̀kan, ìró náà á kọjá sórí fáíbà kejì tó ń bọ̀wálé, á gba ibẹ̀ dé etíkun. Ọkọ̀ á wá lọ, á fi ìwọ̀ fa orí kan sókè, á fa ìkejì, wọ́n á jo gíláàsì pọ̀ lórí omi, wọ́n á dá a padà. Ó gbà wọ́n lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀ lọ́dún yẹn.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Orí méjèèjì ò lè pàdé lójú omi láìjẹ́ pé wọ́n fi kébù tuntun lé e, torí náà ibi tí wọ́n tún ṣe máa ń gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ á sì rẹ̀ díẹ̀ sí i kó tó dé ripítà tó kàn. Wọn kì í lọ yí nǹkan kan nínú ripítà náà. Bí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé bá kéré, àwọn elégbè tí wọn ò tíì lò ló máa pọ̀, agbára wọn ṣì wà níkùn, wọ́n á gbè é ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá pọ̀ jù, wọ́n á tètè rẹ̀, wọ́n á gbè é níwọ̀nba. Kó tó kọjá ripítà mẹ́ta mẹ́rin, ó ti padà sí bó ṣe yẹ kó wà, ariwo díẹ̀ ló kàn fi lé e.

Mo ka ibi yìí sétí àbúrò mi lórí fóònù. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, stẹ́bìláísà nìyẹn jàre. Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀."